Ẹ Má Hú U Tigbòǹgbò-Tigbòǹgbò: Òdòdó Igbó Tó Ń Ṣọ̀wọ́n àti Ojúṣe Wa

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún ìpàdé ọdọọdún àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Gonin Gora, Kaduna

   

Ìgbìmọ̀ yín ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú àyíká. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò. Ẹlòmíràn ì bá sọ ti pàǹtírí, ẹlòmíràn ì bá sọ ti èéfín ọkọ̀ tó ń gba títì Kaduna sí Abuja kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa. Ẹyọ kan péré ni èmi mú níbẹ̀: àwọn òdòdó àti ewéko igbó tó ń ṣọ̀wọ́n nítorí pé àwọn èèyàn ń hú wọn tigbòǹgbò-tigbòǹgbò kó lọ. Gbogbo àlàyé mi kò sì ju gbólóhùn kan lọ: ohun tí a bá ń lò, ẹ jẹ́ ká gbìn ín, ohun tí a kò bá lè gbìn, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ níbi tí Olódùmarè gbìn ín sí.

Ohun tí a ní

Ẹni tó bá ní ìwé ìrìnnà láàárín wa, kó wo àmì orílẹ̀-èdè Nàìjíríà tó wà lára èèpo rẹ̀. Gbogbo wa la mọ ẹyẹ idì tó wà lókè, a mọ ẹṣin funfun méjì, a mọ asà dúdú tí odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé. Ṣùgbọ́n kí ni àwọn ẹṣin náà dúró lé? Koríko ni, òdòdó sì wà nínú koríko náà. Costus spectabilis ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Kì í ṣe òdòdó tí òyìnbó gbé wá. Ọmọ ilẹ̀ ọ̀dàn ni, irú ilẹ̀ tí a jókòó lé lórí yìí. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, yóò tẹ́ ewé rẹ̀ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ewé mẹ́rin ló sábà máa ń ní, òdòdó aláwọ̀ ìyeyè yóò sì yọ láàárín wọn, kò ní igi, kò ní ẹ̀ka. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ewé á gbẹ, òdòdó á wọ́ dànù, ẹni tó bá ń kọjá á rò pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ará mi, mélòó nínú wa ló ti rí i rí? Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ló lè na ìka sí i pé òun nìyí? A ti fi òdòdó yìí sára àmì ìjọba láti ìgbà òmìnira lọ́dún 1960, ṣùgbọ́n bí katakata bá fẹ́ tú ilẹ̀ tó wà, kò sẹ́ni tí yóò ní kó dúró. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí èèyàn kò dá mọ̀, kò lè ṣọ́ ọ.

Kì í ṣe òun nìkan. Òdòdó tó pọ́n bí iná, tí wọ́n ń pè ní Gloriosa superba, ń hù nínú ọ̀dàn káàkiri Áfíríkà. Òun ni òdòdó orílẹ̀-èdè Zimbabwe. Àwọn ọ́kíìdì tún wà, òmíràn ń hù láti inú ilẹ̀, òmíràn ń so mọ́ ara igi. Gbogbo wọn ló jẹ́ tiwa, bí àràbà àti ìrókò ṣe jẹ́ tiwa.

Ìdí tí híhú fi burú ju jíjá lọ

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé ewéko kì í hù padà ni? Bí a bá já ewé ẹ̀fọ́ lónìí, ṣé kì í yọ òmíràn lọ́la? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n jíjá yàtọ̀ sí híhú.

Ní apá ibí yìí, láti bí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kẹta, òjò kì í rọ̀. Ọyẹ́ á mú, koríko á gbẹ, iná á sì jó pápá. Ewéko tí yóò bá la ìgbà náà já gbọ́dọ̀ ní ohun tó fi pamọ́ sábẹ́ ilẹ̀. Gbòǹgbò tàbí iṣu abẹ́ ilẹ̀ ni kóló rẹ̀: gbogbo ohun tí ewé bá ṣe jọ lásìkò òjò, ibẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ni yóò ti mú un tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé. Ẹni tó já òdòdó mú èrè ọdún kan. Ẹni tó hú gbòǹgbò mú owó òwò pẹ̀lú èrè, ó sì ti ṣọ́ọ̀bù pa.

Ti ọ́kíìdì tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èso rẹ̀ kéré bí eruku, kò sí oúnjẹ kankan nínú rẹ̀. Kó tó lè hù, ẹ̀yà olú kan gbọ́dọ̀ wà nínú ilẹ̀ tí yóò máa bọ́ ọ. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá hú ọ́kíìdì igbó lọ sí iwájú ilé rẹ̀ kì í sábà jẹ èrè ibẹ̀. Á bomi rin ín, á fi ajílẹ̀ sí i, síbẹ̀ á kú. Inú igbó ti pàdánù, ẹni tó hú u náà kò rí nǹkan kan mú.

Ta ló ń hú u?

Àwọn àgbà ní ìròmi tó ń jó lórí omi, onílù rẹ̀ ń bẹ nísàlẹ̀ odò. Ẹni tó gbé àdá àti ọkọ́ wọ igbó kọ́ ni onílù. Ẹni tó ń ra ọjà ni. Onílù mẹ́ta ni mo fẹ́ tọ́ka sí: oògùn, oúnjẹ àti ẹwà.

Ẹ jẹ́ ká ti ilé bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa la mọ asofẹ́yẹjẹ. Àwọn babaláwo àti oníṣègùn wa ti ń fi egbò rẹ̀ tọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú tipẹ́tipẹ́. Lọ́dún 1952, àwọn onímọ̀ ní Switzerland yọ oògùn kan tó ń jẹ́ reserpine láti inú egbò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń hù ní Íńdíà. Asofẹ́yẹjẹ tiwa náà ní oògùn yìí nínú. Lọ́dún 1960, dókítà Raymond Prince tó ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Yorùbá kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà bí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wa ṣe ń lo egbò yìí. Orin àtà ńkọ́? Lọ́dún 1971, Abáyọ̀mí Ṣófówọrá àti Isaacs-Sodeye gbé ìwádìí jáde pé omi egbò orin àtà lè mú kí ẹ̀jẹ̀ tó ti ká kò nítorí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde padà sí bó ṣe yẹ kó rí nínú ìgò àyẹ̀wò.

Ìwúrí ńlá ni èyí. Ìmọ̀ àwọn baba wa kò lọ lásán. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: egbò ni nínú méjèèjì. Ní Íńdíà, wọ́n hú ẹ̀gbọ́n asofẹ́yẹjẹ yẹn fún títà sí òkèèrè títí ó fi di dandan, lọ́dún 1990, láti fi í sábẹ́ àdéhùn àgbáyé tó ń ṣọ́ ìṣòwò ohun abẹ̀mí tó ń ṣọ̀wọ́n. Ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́, ṣùgbọ́n ewé tí kò sí mọ́ kò lè jẹ́ fún ẹnikẹ́ni.

Onílù kejì ni oúnjẹ. Ní Zambia, oúnjẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní chikanda. Iṣu abẹ́ ilẹ̀ àwọn ọ́kíìdì ni wọ́n ń lọ̀, wọ́n á pò ó mọ́ ẹ̀pà àti ata, wọ́n á sè é títí yóò fi dì. Tẹ́lẹ̀rí, oúnjẹ abúlé ni. Nígbà tó wọ ìlú ńlá, tó di ohun tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ọ́kíìdì Zambia kò tó mọ́, àwọn oníṣòwò bá kọjá sí àwọn òkè gúúsù Tanzania. Ohun tí wọ́n ń hú níbẹ̀ lọ́dún kan wọ mílíọ̀nù. Iṣu kọ̀ọ̀kan, ewéko kan ni. Lọ́dún 2005, ìjọba Tanzania sọ pápá Kitulo di ọgbà ìpamọ́ ti orílẹ̀-èdè, nítorí òdòdó ju nítorí ẹranko lọ. Ọgbà Ọlọ́run ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe pápá náà.

Onílù kẹta ni ẹwà, òun ló sì yani lẹ́nu jù. Ìtàn ewéko kan ni mo fi máa ṣàlàyé rẹ̀. Lọ́dún 1857, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Dayspring gba odò Ọya wọlé. Baikie ni olórí ìrìnàjò náà, Àjàyí Crowther tiwa sì wà lára wọn. Ọkọ̀ náà forí sọ àpáta nítòsí Jẹ́bbà. Onímọ̀ ewéko kan, Charles Barter, wà nínú wọn, ó sì ń ṣa ewé àti òdòdó jọ títí ikú fi pa á ní Rabba lọ́dún 1859. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ewéko kan tó ń hù ní agbègbè Jẹ́bbà àti Ìlọrin, títí dé Benin, Togo àti Ghana: Encephalartos barteri. Ẹni tó bá rí i lókèèrè á rò pé ọ̀pẹ kúkúrú ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀pẹ. Kò ní òdòdó gidi; èso rẹ̀ ń wà nínú kóńkó líle kan tó yọ láàárín imọ̀ rẹ̀. Ìran rẹ̀ ti wà láyé kí òdòdó kankan tó là. Kì í tètè dàgbà. Akọ wà lọ́tọ̀, abo wà lọ́tọ̀, bí ọ̀kan kò bá sí nítòsí, èkejì á yàgàn.

Àwọn olówó lágbàáyé fẹ́ràn láti gbin ewéko yìí síwájú ilé. Èyí tó bá ti dàgbà ni wọ́n ń wá, wọn kò ní sùúrù fún èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní South Africa, níbi tí àwọn ìbátan rẹ̀ pọ̀ sí. Lọ́dún 1895, John Medley Wood rí ẹ̀yà kan nínú igbó oNgoye. Igi akọ kan ṣoṣo ni, pẹ̀lú àwọn ọmọ tó yọ lẹ́bàá rẹ̀. Wọ́n wá abo rẹ̀ títí, wọn kò rí i títí di òní. Wọ́n hú gbogbo rẹ̀ lọ sínú ọgbà. Èyí tó wà káàkiri ayé lónìí, ẹ̀ka ara akọ kan yẹn ni gbogbo wọn. Kò sí èyí tó lè so. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, àwọn olè wọ ọgbà ewéko Kirstenbosch ní Cape Town lóru, wọ́n sì hú mẹ́rìnlélógún lára ẹ̀yà mìíràn tó ti fẹ́ parẹ́. Inú ọgbà tí wọ́n mọ odi sí nìyẹn o! Bí olè bá lè wọ ibẹ̀, kí ni kò ní ṣe nínú igbó tí kò ní ẹ̀ṣọ́?

Òfin àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Nàìjíríà ní òfin. Láti ọdún 1974 la ti fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, èyí tí wọ́n ń pè ní CITES. Gbogbo ìran Encephalartos wà ní ìpele tó le jù nínú àdéhùn náà, kò sì sí ọ́kíìdì kan tó wà lẹ́yìn òde rẹ̀. Lọ́dún 1985, ìjọba ṣe òfin tó de títa ohun abẹ̀mí tó ṣọ̀wọ́n sí òkèèrè, wọ́n sì tún un ṣe lọ́dún 2016. Láti ọdún 2007 ni àjọ NESREA ti wà láti mú àwọn òfin àyíká ṣẹ. Ní ìpínlẹ̀ Kaduna wa níbí, ọgbà ìpamọ́ Kamuku wà ní Birnin Gwari láti ọdún 1999. Òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti hú ewéko níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹnu ibodè àti èbúté ni òfin ìṣòwò ń jókòó sí. Kì í rìn lọ́nà oko. A ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀ lára igi tí àwọn ará ibí ń pè ní madobiya. Ọdún 2016 ni CITES fi í sí àtòjọ rẹ̀, nígbà tí wọ́n ti gé púpọ̀ nínú rẹ̀ kó lọ sí Ṣáínà. Òfin tó bá pẹ́ kó tó dé, kùkùté igi ló máa ń bá. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ìjọba nílò àdúgbò, àdúgbò sì nílò ìjọba.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ irú òfin mìíràn. Láti ọdún 1981, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ hú ewéko igbó kankan ní Bìrìtìkó láìgba àṣẹ onílẹ̀, ì báà ṣọ̀wọ́n, ì báà pọ̀. Ojú ló rí kí wọ́n tó gbọ́n. Ọ́kíìdì wọn kan, Cypripedium calceolus, rẹwà tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ hú u tán pátápátá. Lọ́dún 1917, wọ́n ní ó ti parẹ́. Lọ́dún 1930, ẹnìkan tún rí ẹyọ kan ní Yorkshire. Wọn kò kígbe. Wọ́n fi ibẹ̀ ṣe àṣírí fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń ṣọ́ ọ tí òdòdó rẹ̀ bá fẹ́ là. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ ní ọgbà ewéko Kew mú èso rẹ̀, wọ́n fi hu ọmọ nínú ìgò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà sínú igbó láti ọdún 1989. Ẹyọ kan péré ló kù nínú igbó, òun náà sì wà lára àwọn tó bí àwọn yòókù. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀: ẹ má máa polongo ibi tí ohun ọ̀wọ́n wà, ẹ sì má rò pé ó ti pẹ́ jù.

Bí àwọn baba wa ṣe ń ṣe é

Kí a tó ní àjọ, a ní igbó ọ̀wọ̀. Ẹ lọ wo igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO fi sára àwọn ogún àgbáyé lọ́dún 2005. Ó lé ní irinwó oríṣi ewéko tó wà nínú igbó náà, ó sì lé ní igba nínú wọn tó jẹ́ oògùn. Etí ìlú ńlá ni igbó yìí wà, ilé sì ti yí i ká. Kí ló pa á mọ́? Ìbẹ̀rù òrìṣà wà níbẹ̀, òótọ́ ni. Akitiyan oníṣẹ́ ọnà Susanne Wenger, tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olóòrìṣà, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tó dé Nàìjíríà lọ́dún 1950 tí kò sì dẹ́kun iṣẹ́ títí ó fi kú lọ́dún 2009. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi ni pé igbó náà ní olúwa. Ìlú mọ ẹni tí wọ́n máa bi léèrè bí igi kan bá wó.

Mi ò sọ pé kí pásítọ̀ tàbí aáfà wa lọ dá igbó òrìṣà sílẹ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé a lè ní ibi kan tí gbogbo àdúgbò fohùn ṣọ̀kan lé lórí pé a kì í hú nǹkan níbẹ̀, kí a sì yan ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ. Ilẹ̀ ìjọ lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ilé ìwé lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, itẹ́ òkú pàápàá lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa ní Gonin Gora

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ń sọ lọ́kàn pé, olùbánisọ̀rọ̀ yìí kò mọ̀ pé ebi ń pa èèyàn. Mo mọ̀. Ìyá tó ń ta egbò lọ́jà fi ń rán ọmọ nílé ìwé ni. Mi ò wá gba àwo oúnjẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí kí àwo náà má baà ṣófo ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Bí a bá hú egbò inú igbó tán, alágbo ló máa kọ́kọ́ jìyà, kì í ṣe onímọ̀ ìjìnlẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá wa eléwé ọmọ, ẹ gbin ohun tí ẹ̀ ń tà. Asofẹ́yẹjẹ ń hù láti inú èso, ó sì ń hù bí a bá gé ọ̀pá rẹ̀ gbìn. Bí egbò bá di dandan, ẹ gé èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi olórí gbòǹgbò sílẹ̀, kí ẹ sì fi ilẹ̀ bo ojú ihò náà.

Ẹ̀yin tó ń kọ́lé, Gonin Gora ń gbòòrò sí i, ẹnikẹ́ni kò lè dá ilé kíkọ́ dúró. Kí katakata tó wọlé, ẹ pe olùkọ́ kan tàbí àgbà kan lára àwọn Gbagyi onílẹ̀ tó mọ ewéko kó bá yín wo ilẹ̀ náà. Ibi tí ilé yóò bá dé nìkan ni mo ti fọwọ́ sí híhú, nítorí ohun tó bá kù síbẹ̀ yóò kú náà ni. Ẹ hú wọn pẹ̀lú ilẹ̀ tó wà lára wọn, ẹ gbé wọn lọ sí ibi tí wọ́n ti lè yè.

Ẹ̀yin olùkọ́, Kaduna ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ni nípa igbó ní Afaka. Ẹ kọ̀wé sí wọn. Ní Ìbàdàn, FRIN, ilé ìwádìí nípa igbó, ti wà láti ọdún 1954, ó sì ní ilé tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ pamọ́ sí fún ìdámọ̀. Àjọ NACGRAB wà ní Moor Plantation nínú ìlú yẹn kan náà fún ìpamọ́ irúgbìn. Owó wa ló ń bọ́ wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n dá wa lóhùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, fóònù yín ti tó. Bí ẹ bá rí òdòdó tó ṣọ̀wọ́n, ẹ ya àwòrán rẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Ẹ má kọ orúkọ ibi tó wà síta fún gbogbo ayé. Ẹ má sì dá igbó lọ nítorí òdòdó; gbogbo wa la mọ bí ètò ààbò ṣe rí lágbègbè yìí.

Ẹ̀yin olówó wa, ìbéèrè kan ni kí ẹ máa bi ẹni tó bá gbé òdòdó wá tà fún yín: ṣé o gbìn ín ni, àbí o hú u? Bí kò bá lè dáhùn, ẹ má rà á. Ọjọ́ tí onílù bá gbé ìlù sílẹ̀, ìròmi á dẹ́kun ijó.

Ìparí

    Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: mo rọ ẹgbẹ́ yìí pé kó yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún kí a tó túká lónìí, kí wọ́n bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì dá ọgbà ewéko kan sílẹ̀ kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó dé.